Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yan Oúnjẹ Ọ̀sán

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oúnjẹ ilé ìwé ṣe rí ní Amẹ́ríkà, kó má wo tírè nígbà tí ọmọ ń gbé e lọ sídìí tábìlì. Garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni kó lọ dúró tì nígbà tí aago bá lù. Níbẹ̀ ni yóò ti rí páálí mílíìkì tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, ápù tí wọ́n gé jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti burókólì tó ti tutù, gbogbo rẹ̀ ń já sínú ọ̀rá dúdú kan náà. Iléeṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, tí ètò oúnjẹ náà wà lábẹ́ rẹ̀, ti wọn ìdànù yìí. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀fọ́ tó dé orí tírè ni kì í dé inú ọmọ, ti mílíìkì sì tó ìdá 29. Owó ìlú ni. Àgbẹ̀ ló gbìn ín, awakọ̀ ló gbé e wá, àwọn obìnrin ilé ìdáná ló sì jí ní ìdájí wá sè é.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ́kàn ni ọ̀nà ipá: ẹ bù ú fún wọn, ẹ dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán, ebi á kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Èmi kò bá wọn gbà. Mo fẹ́ kí òfin oúnjẹ aṣaralóore dúró digbí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dín in kù. Ṣùgbọ́n nínú òfin yẹn náà, kí ọmọ máa fọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tó máa jẹ, láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé àṣekágbá, kí yíyàn náà sì jẹ́ yíyàn tòótọ́, kó má jẹ́ ti ẹnu lásán.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1946 ni Ààrẹ Harry Truman buwọ́ lu òfin oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé. Òfin náà kò fi èròńgbà rẹ̀ pamọ́: kí ara àwọn ọmọ le, kí irè oko àgbẹ̀ Amẹ́ríkà sì rí ibi tà sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọmọ àti ọlọ́jà ti jọ wà nídìí àwo kan náà, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ mílíìkì. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, gbogbo ohun tí wọ́n bá sè ni wọ́n ń bù fún ọmọ, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ìdànù wá pọ̀ débi pé ní 1975 àwọn aṣòfin gbà kí àwọn ọmọ girama àgbà lè kọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn. Ní 1977 àǹfààní náà dé girama kékeré, ní 1981 ó dé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Offer Versus Serve ni wọ́n sọ ọ́. Ibi tó ti wọ́ ni pé dandan ni fún girama àgbà nìkan. Ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, ọwọ́ àwọn aláṣẹ àdúgbò ló kù sí. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á ṣe é. Bí kò bá wù wọ́n, ọmọ ọdún méje á gba ohun gbogbo, á sì lọ da èyí tí kò fẹ́ nù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ìsọ̀rí oúnjẹ márùn-ún ni ilé ìwé gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́sàn-án: èso, ẹ̀fọ́, oúnjẹ oníhóró bí ìrẹsì àti búrẹ́dì, ẹran tàbí ohun tó lè dípò ẹran, àti mílíìkì. Ọmọ gbọ́dọ̀ mú mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èso tàbí ẹ̀fọ́ tó tó ìdajì ife. Ẹ̀là písà kan lè jẹ́ ìsọ̀rí méjì, nítorí búrẹ́dì àti wàràkàṣì ló para pọ̀ di òun. Bí ọmọ bá mú ápù lé e, ó ti pé. Bó mú mẹ́ta, bó mú márùn-ún, iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, iye kan náà sì ni ìjọba àpapọ̀ ń san fún ilé ìwé. Bí èso tàbí ẹ̀fọ́ kò bá sí lórí tírè, ìjọba kò ní san owó oúnjẹ yẹn, akawó á sì dá ọmọ padà. Òfin tí Ààrẹ Obama buwọ́ lù ní oṣù Kejìlá 2010 ló bí ìdajì ife yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Àwọn kan ṣì ń bínú sí i títí dòní. Ní tèmi, ibi tó yẹ kí àgbà ti lo agbára rẹ̀ gan-an nìyẹn: kó ní èso tàbí ẹ̀fọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó wá fi èwo-ni-kí-n-mú sílẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ kan lórí ìlà. Ó gbé tírè. Ó nawọ́ sí adìẹ dídín àti búrẹ́dì róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu ọsàn gígé sí igun tírè. Ó wo kárọ́ọ̀tì sísè, ó gbójú kúrò. Nígbà tó dé iwájú akawó, ìsọ̀rí mẹ́ta ti pé, èso wà níbẹ̀, kò jẹ òfin ní gbèsè kankan mọ́. Síbẹ̀ obìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà wo tírè, ó ní, “Mílíìkì rẹ dà?” Ọmọ padà lọ mú páálí kan nínú fìríìjì. Kò ní ṣí i. Láti orí tábìlì, inú garawa ló gbà lọ. Mi ò bá obìnrin náà jà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ pé tírè tí kò ní mílíìkì kò pé, nínú ilé ìwé tí kò bá sì gba ètò yíyàn wọlé, òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì yìí kan àwa Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tó wá di Mínísítà Ìlera Nàìjíríà lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó tẹ ìwádìí kan jáde pẹ̀lú Norman Kretchmer nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ohun tí wọ́n wá lọ ni bí ikùn àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń gba ṣúgà inú mílíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran ni ikùn wọn gbà á láìsí wàhálà. Ti àwọn Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, tí wọ́n bá ti kúrò ní ọmọ ọwọ́, ikùn wọn kò lè dà á mọ́. Ẹni tó bá mu ún tó pọ̀, inú rẹ̀ á máa kùn, á wú, ó sì lè yà á nígbẹ̀ẹ́ gbuuru. Bàbá àti ìyá tó ti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú lọ tẹ̀dó sí Houston kò bọ́ ikùn yẹn sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì bí i mọ́ ọmọ. Lóòótọ́, òfin gba òbí láyè láti kọ̀wé béèrè ohun mìíràn dípò mílíìkì màlúù. Òbí mélòó ló mọ̀? Àti pé bí kì í bá ṣe ọ̀ràn àìlera, ilé ìwé lè ní òun ò ní. Níbi tí ọmọ ti lè yàn, ìwé kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fo mílíìkì, ó lọ bu omi mu, nítorí òfin 2010 yẹn náà ló ní kí omi ọ̀fẹ́ wà níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹun. Ọmọ Mùsùlùmí tó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí písà náà á kọjá síwájú láìdúró ṣàlàyé ẹ̀sìn fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ní ká fi ipá mú ọmọ jẹun rò pé ipá ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣiṣẹ́. Ní Penn State, àwọn olùwádìí gbé ọbẹ̀ olómi oríṣi méjì síwájú àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Wọ́n ń rọ̀ wọ́n ṣáá kí wọ́n jẹ ọ̀kan tán, wọn ò sọ nǹkan kan nípa èkejì. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ sí ni àwọn ọmọ náà jẹ jù. Èyí tí wọ́n ń rọ̀ wọ́n sí ni wọ́n ń ráhùn lé lórí. Ní Spain, àwọn mìíràn wọ yàrá ìjẹun ilé ìwé lọ bá àwọn ọmọ ọdún 4 sí 6. Ẹ̀fọ́ méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀, zucchini àti ẹ̀wà tútù tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Kò sí adùn àrà kan nínú méjèèjì, ọmọ kì í sáré sí wọn. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n yàn jẹ ẹ̀fọ́ ju àwọn tí wọ́n kàn bù ú fún lọ. 2013 ni wọ́n tẹ ìyẹn jáde.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ka ìwádìí lórí oúnjẹ ọmọdé gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ dáadáa. Ìgbà kan wà tí Brian Wansink, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell, gba gbogbo Amẹ́ríkà lọ́kàn pẹ̀lú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: ẹ lẹ àwòrán Elmo, ọmọláńgidi orí tẹlifíṣọ̀n, mọ́ ápù, ọmọ á mú ápù. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìṣirò rẹ̀ wò, kò dúró. Wọ́n fa ìwé orí ápù yẹn padà ní 2017, òun fúnra rẹ̀ sì fi Cornell sílẹ̀ ní 2019. N kò ṣọ̀fọ̀ ọgbọ́n náà. Ẹni tó ń fi àwòrán tan ọmọ àti ẹni tó ń fi pàṣán dúró tì í, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kò sí èyí tó ka ọmọ sí ẹni tó lè pinnu nǹkan.

“Písà ni wọ́n máa yàn lójoojúmọ́.” Èyí ni àtakò tí mo máa ń gbọ́ jù. Ta ló gbé písà sórí ìlà? Kì í ṣe ọmọ. Àgbà ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa sè lọ́sẹ̀, òfin sì ti dí ọ̀nà mọ́ àgbà náà. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ oníhóró tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí odidi hóró pọ̀ nínú rẹ̀. Iyọ̀ ní òdiwọ̀n. Bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ọmọ láti jẹ́léósinmi dé kíláàsì karùn-ún gbọ́dọ̀ wà láàárín kálórì 550 sí 650, ti girama àgbà láàárín 750 sí 850. Ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé tó dúdú dáadáa, ẹ̀fọ́ pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn, àti ẹ̀wà gbọ́dọ̀ yọjú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Inú ọgbà tí àgbà ti sọ yìí ni ọmọ ti ń ṣa tirẹ̀. Kò sí bó ṣe máa ká ohun tí a kò gbìn síbẹ̀.

Mo gbà fún àwọn alátakò níbi méjì. Ọmọ tó bá ń mú adìẹ, búrẹ́dì àti ọsàn lójoojúmọ́ kò ní jẹ ẹ̀fọ́ ilé ìwé rárá, tírè rẹ̀ á sì bófin mu. Àlébù ni, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi dandan bù ú fún un, inú garawa náà ló ń lọ, orí ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ló ti jẹ ẹ́. Èkejì ni ti àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì tó jẹ́léósinmi. Ìjọba kò gba ètò yìí láyè fún wọn, nítorí ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ rí oúnjẹ lójú àwo kí ó tó mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ. Ó bọ́gbọ́n mu.

Òǹkàwé kan nílé á ti máa mí kanlẹ̀ báyìí: ọmọ rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ jẹ, ó tún fẹ́ máa yàn! Ó yé mi. Nígbà tí ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé ìwé O’MEALS ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2012, àṣeyọrí ni pé ìkòkò tilẹ̀ wà lórí iná. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016, ₦70 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́. Kò sí olóúnjẹ tó lè ti inú ₦70 se ìkòkò méjì, n kò sì ní kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó gbé bọ́dìnhaósì rí bí oúnjẹ àìyàn ṣe máa ń rí. Ẹ̀wà tó dàpọ̀ mọ́ kòkòrò dé, akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣíbí rú u wò, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó padà sí yàrá. Níbẹ̀ ló ti ṣí àpótí, gàrí, ẹ̀pà àti ṣúgà jáde, ó pèsè tirẹ̀. Ìyẹn, bí òbí rẹ̀ bá ra gàrí fún un. Ẹni tí kò ní nínú àpótí ló ń padà lọ bá ẹ̀wà náà, tàbí kó fi ebi sùn.

Bákan náà ló rí lọ́hùn-ún. Ní ọ̀pọ̀ girama Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta ìpápánu àti ohun mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ìjọba. Láti 2014 ni òfin ti de ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá inú wọn, ṣùgbọ́n òfin kò lè de àpò. Ọmọ tó lówó lápò á kọ tírè, á ra nǹkan mìíràn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ọmọ ló ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán yìí lójoojúmọ́ tí ilé ìwé bá ṣí, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Bí kò bá sí yíyàn lórí tírè, àwọn ọmọ olówó nìkan ló ń yàn. Ìdí tí mo fi ta ku nìyí ju ọ̀rọ̀ ìdànù lọ.

Síbẹ̀ mi ò sí lára àwọn tó ń yin Offer Versus Serve bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ni òfin náà fún ọmọ. Kò pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ohun méjì síwájú rẹ̀. Bí kárọ́ọ̀tì sísè bá dá wà lórí ìlà, ọmọ tó kọ̀ ọ́ kò yan nǹkan kan, ó kàn pàdánù ẹ̀fọ́ ọjọ́ yẹn ni. Ó tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín pé mílíìkì ni òfin ní kí wọ́n gbé oríṣi méjì kalẹ̀ lójoojúmọ́ ó kéré tán. Kò ní bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá rántí àwọn àgbẹ̀ ọdún 1946 kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí kárọ́ọ̀tì tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sísè, kí èso méjì wà, kí ẹran má dá wà láìsí ẹ̀wà nítòsí. Wọ́n á ní yóò náni lówó. Ojoojúmọ́ ni òfin ní kí ilé ìdáná kọ iye tí wọ́n sè àti iye tó kù sílẹ̀. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ yẹn fún oṣù kan á mọ ohun tó yẹ kó dín kù, á sì rí owó èkejì nínú rẹ̀.

Àkókò náà jẹ́ apá kan yíyàn. Juliana Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ ìwádìí kan jáde ní 2015: níbi tí àwọn ọmọ ti ní ìṣẹ́jú 25 ó kéré tán láti jẹun, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló mú èso, níbi tí wọn kò ti ní tó 20, ìdá 44 ni. Àwọn tí àkókò wọn kò tó yìí tún jẹ ẹ̀fọ́ kéré sí i. Ọmọ tó fi ìdajì àkókò rẹ̀ tò sórí ìlà, ohun tó bá yá jẹ ló máa nawọ́ sí, kì í ṣe ohun tó wù ú.

Oúnjẹ tí ọmọ mọ̀ nílé ńkọ́? Ní Puerto Rico, American Samoa àti Virgin Islands ti Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí òfin ti gbà kí iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dípò ìrẹsì àti búrẹ́dì lórí tírè. Ní 2024 wọ́n fi Guam àti Hawaii kún un, àti àwọn ilé ìwé tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù. Ní Houston tàbí Maryland, ẹ̀fọ́ lásán ni wọ́n ń ka iṣu sí. Ìyẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti sè é. Ẹ̀wà sì lè dúró bí ẹ̀fọ́, ó lè dúró bí ohun tó dípò ẹran. Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí epo àti iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n kò rú òfin kankan, ọmọ Cuba, ọmọ Brazil àti ọmọ Èkó á sì jọ mọ̀ ọ́n lójú. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan béèrè fún un.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà nínú ilé ìwé ìjọba lọ́hùn-ún, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Gbogbo ẹkùn ilé ìwé tó bá ń gba owó ètò yìí ni òfin ní kó ní ìlànà ìlera tirẹ̀, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ láti bá wọn kọ ọ́. Ẹ lọ síbi ìpàdé náà. Ẹ bi wọ́n bóyá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò yín ti gba ètò yíyàn wọlé. Ẹ bi wọ́n iye ẹ̀fọ́ tó ń wà lórí ìlà lójúmọ́, àti iye ìṣẹ́jú tó ń kù fún ọmọ láti jẹun lẹ́yìn tó bá ti jókòó. Kí ẹ mú ọmọ náà dání, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa ń dànù àti ìdí rẹ̀.